Ẹyin tútù nínú abọ́: ọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tí ẹyin obìnrin ń jáde

(Ẹgbẹ́ àwọn onídìrí kan níbí n'Ìbàdàn ló ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn. Àwọn tí ò ráyè wá ń yọ mí lẹ́nu pé kí n tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fáwọn, ni mo bá kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Àwọn ibi tá a ti rẹ́rìn-ín jù ni mo yọ kúrò, ẹ má bínú.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, àti ẹ̀yin ọmọṣẹ́ tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ń tẹ fóònù. Màdáámù ààrẹ, ẹ ṣé tẹ́ ẹ fún mi láyè. Mo mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ lẹ fẹ́ gbà lónìí, mi ò ní pẹ́ jù.

Ẹ wo nǹkan tí mo gbé dání. Abọ́ kékeré kan pẹ̀lú ẹyin adìẹ kan. Ẹyin tútù ni, ọwọ́ ìyá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín níbí ni mo ti rà á. Mo ti fọ́ ọ báyìí, mo sì ti yọ pupa ẹ̀ sápá kan. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ wá síbí. Ìwọ tó o wọ yẹ́lò, wá. Ki àtàǹpàkò ẹ àti ìka tó tẹ̀ lé e bọ funfun yẹn, pa méjèèjì pọ̀, wá máa là wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣé gbogbo yín rí i? Kò já. Ó ń fà bí okùn, ó mọ́ bíi gíláàsì, ó sì ń yọ̀. Ó yá o, ta ni kò rí nǹkan tó jọ èyí rí lára pátá ẹ̀, tàbí lára tíṣù lẹ́yìn tó tọ̀ tán?

(Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìgbà tó yá ni ìyá kan tó wà níwájú ní, "Háà, nọ́ọ̀sì, ṣé ìyẹn kì í wá ṣe tọ́lẹ́ẹ̀tì ni?")

Ẹ ṣé, mà. Ìbéèrè tó gbé mi kúrò nílé lónìí gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà yẹn, mi ò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo rí nǹkan yìí, ẹ̀rù bà mí, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, òun náà ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kíṣọ̀n ni, pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo ayé tá à ń lò ló fà á. Ó mú mi lọ sí kẹ́mísíìtì kan. Ọkùnrin yẹn ò bi mí ní ìbéèrè kan o. Kò bi mí pé ṣé ó ń yún mi, kò bi mí pé ṣé ó ń rùn, ìgbà tí mo rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn kò kàn án. Ó ṣáà di kápúsù sínú bébà fún mi, ó gbowó. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nǹkan náà lọ, mo ní hẹn-ẹn, oògùn yìí mà jẹ́ o. Oṣù kejì ó tún dé. Mo padà lọ. Oṣù kẹta, mo tún padà lọ. Ọkùnrin yẹn jèrè lórí mi gan-an! Oògùn ò sì ṣe nǹkan kan, torí pé nǹkan yẹn fúnra ẹ̀ kì í lò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lóṣù, bó o lo oògùn bó ò lò ó, ó máa lọ. Ibi tó ti wá burú ni pé áńtíbáyọ́tíìkì tí mo ń gbé mì yẹn ti pa àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara, ni ìyúnra gidi bá dé, funfun bíi wàrà tó ti dì. Àìsàn tí mi ò ní tẹ́lẹ̀, owó ara mi ni mo fi rà á.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, tíṣà wa ń kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù ní kíláàsì, mo ju bírò sílẹ̀. Mo ní áà, èmi rè é o.

Kí ló wá jẹ́? Obìnrin ní ilé ẹyin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn ẹyin inú ẹ̀, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí wa. Lóṣooṣù mélòó kan nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, àmọ́ ọ̀kan ló sábà máa ń yọrí, òun ló máa jáde. Ẹyin yìí kéré débi pé tẹ́ ẹ bá to mẹ́wàá pọ̀, kò ju mìlímítà kan lọ. Ẹ̀mí ẹ̀ ò sì gùn. Tó bá ti jáde, wákàtí 12 sí 24 ló ní. Àtọ̀ ọkùnrin ní tiẹ̀ lè wà láàyè nínú obìnrin fún bí ọjọ́ márùn-ún, tó bá ṣáà bá omi tó dáa níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i o, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: àtọ̀ ló yẹ kó ti wà ní gáréèjì kí mọ́tò tó dé, torí mọ́tò yìí ò ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1995, Allen Wilcox àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ l'Amẹ́ríkà gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Obìnrin 221 tó ń wá oyún ni wọ́n tọ̀ lẹ́yìn. Gbogbo oyún tí wọ́n rí níbẹ̀, inú ọjọ́ mẹ́fà péré ni ìbálòpọ̀ tó mú un wá ti wáyé, ìyẹn ọjọ́ tí ẹyin jáde àti ọjọ́ márùn-ún tó ṣáájú ẹ̀. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọn ò rí ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà nínú oṣù kan. Ẹ wá wo obìnrin tí ọkọ ẹ̀ ń wa tírélà, tó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ìyá ọkọ sì ń wojú ẹ̀ nílé. Mo mọ irú ẹ̀. Ọdún méjì gbáko, nǹkan kan ò ṣe òun, nǹkan kan ò ṣe ọkọ, ọkọ ṣáà ń dé ní ìgbà tí mọ́tò ti lọ ni.

Omi ara obìnrin tó jọ ti inú abọ́ yìí ni aago. Ọrùn ilé ọmọ ló ń ṣe é. Tí nǹkan oṣù bá tán, ọ̀pọ̀ obìnrin á gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi tíṣù nù ún, tíṣù gbẹ náà ni. Ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, bíi sítáàṣì tí wọ́n fi lẹ bébà, tẹ́ ẹ bá fà á, á já. Á tún yí padà, á funfun, á rọ̀ bí ìpara. Ìgbà tí ẹyin bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó, tí họ́mónù estrogen ti ga gan-an, ló máa di èyí. Á mọ́ gaara, á pọ̀, á fà. Ẹ máa pè é ní omi ẹyin bẹ́ ẹ fẹ́, ìyá tèmi ní ilá lòun á máa pè é, torí ilá tí wọ́n gbo dáadáa ló jọ lójú òun. Àwọn kan ò ní rí i lójú rárá, wọ́n á kàn mọ̀ ọ́n lára ni, pé ibẹ̀ tutù, pé bí àwọn ṣe ń rìn ibẹ̀ ń yọ̀. Ìyẹn náà ka.

Inú omi tó ń fà yìí ni àtọ̀ ti máa ń rí ọ̀nà lúwẹ̀ẹ́. Tí ẹyin bá ti jáde tán, họ́mónù mìíràn á gorí oyè, ìyẹn progesterone, á sọ omi yẹn di kíki, á fi dí ẹnu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i tó ń fà lónìí, tó bá di ọ̀la tàbí ọ̀túnla, ó ti gbẹ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí i gbẹ̀yìn, ẹyin wà nítòsí gan-an. Àmọ́ ẹ ò lè mọ̀ pé ọjọ́ tó gbẹ̀yìn nìyẹn àfi tí ọjọ́ kejì bá mọ́, nítorí náà ẹni tó ń wá oyún ò gbọ́dọ̀ máa dúró de ọjọ́ kan pàtó. Àtìgbà tí omi yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ ni kí ẹ ti máa bá ọkọ yín lò pọ̀, ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì náà ti dáa.

Kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ ẹ̀ o. Dókítà kan ní Melbourne lọ́hùn-ún ní Ọsirélíà, John Billings, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ẹ̀ lọ́dún 1953, ìyàwó ẹ̀ Evelyn tóun náà jẹ́ dókítà wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn obìnrin fúnra wọn ni wọ́n ní kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n bá rí lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lè ṣe é, kò gba owó.

(Ìyá kan ní àwọn àgbà sọ fóun pé gẹ́rẹ́ tí nǹkan oṣù bá ti dá ni ilé ọmọ máa ń ṣí sílẹ̀.)

Ìyá tèmi náà sọ ọ́ fún mi bẹ́ẹ̀! Lọ́pọ̀ obìnrin, ìgbà yẹn ni ara ń gbẹ, ẹyin ò tíì gbó. Àmọ́ mi ò ní ní irọ́ pátápátá ni, torí ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń tètè dé, ká sọ pé ọjọ́ 22 sí 23 (látọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ la ti ń kà á), ẹyin tiẹ̀ lè jáde ní bí ọjọ́ 8 tàbí 9, ó lè jẹ́ pé bó ṣe ń parí nǹkan oṣù ló ti ń rí ilá. Ẹni tó bá ń ka 28, ẹ máa gbọ́ pé ọjọ́ 14. Ẹni tó ń ka 35, ó máa sún mọ́ ọjọ́ 21. Ìdí ẹ̀ ni pé látìgbà tí ẹyin bá ti jáde sí ìgbà tí àlejò, ìyẹn nǹkan oṣù, máa dé, bí ọjọ́ 14 ló sábà máa ń jẹ́, apá iwájú ló ń gùn tó ń kúrú. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀yìn lẹ ti ń kà á wá síwájú? Ta ló wá mọ ọjọ́ tí àlejò oṣù tó ń bọ̀ máa dé? Áàpù orí fóònù tẹ́ ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí ń lò, òun náà ò mọ̀ ọ́n, oṣù tó kọjá ló fi ń méfò. Wilcox àtàwọn èèyàn ẹ̀ tún padà wò ó lọ́dún 2000, wọ́n rí i pé nínú obìnrin 100, bí 30 péré ni gbogbo ọjọ́ tí wọ́n lè lóyún bọ́ sáàárín ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 17 tí ìwé máa ń kọ. Ìyọnu, ìrìn àjò, àìsàn, gbogbo ẹ̀ ló lè jẹ́ kí ẹyin pẹ́ kó tó jáde. Ẹ máa ka ọjọ́ o, mi ò ní kẹ́ ẹ má kà á, àmọ́ ẹ má fi gbogbo ara lé e.

Tẹmọ́mítà ńkọ́? Ara máa ń gbóná díẹ̀ tí ẹyin bá ti jáde, ìwọ̀n 0.2 sí 0.5 lórí Celsius. Tó bá ń ka 36.4 láàárọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lè wá rí 36.7, á sì dúró síbẹ̀ títí àlejò fi máa dé. Ẹ máa wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kùtù kẹ́ ẹ tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ tó tọ̀, kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, kó sì jẹ́ aago kan náà lójoojúmọ́. Mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ ń rò, mo ń rí i lójú yín. Ta ló ń sùn dáadáa? Ooru, iná tí wọ́n mú lọ, ọmọ tó ń sunkún lóru, ibà tó lè gbé ara gbóná lójijì. Àwọn ìyá wa Mùsùlùmí náà, lásìkò ààwẹ̀ wọ́n ti jí se sààrì, aago ti yàtọ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tẹmọ́mítà kì í kìlọ̀ o, ìgbà tí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀ tán ló ń ròyìn. Ẹni tó bá gbára lé òun nìkan, èéfín mọ́tò ló máa máa bá ní gáréèjì. Ibi tó ti wúlò ni pé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹyin tiẹ̀ ń jáde lóòótọ́. Tí ara bá sì gbóná lọ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 18 tí àlejò ò dé, ẹ lọ yẹ oyún wò.

Pépà tí wọ́n ń tọ̀ sí náà wà, ó jọ ti oyún. Họ́mónù tí wọ́n ń pè ní LH ló ń wá nínú ìtọ̀, tó bá ga lójijì, ẹyin máa ń jáde láàárín wákàtí 24 sí 36. Ìlà kejì gbọ́dọ̀ dúdú tó ìlà àkọ́kọ́ tàbí kó jù ú lọ kẹ́ ẹ tó ní ó ti dé, kì í ṣe bíi ti oyún tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ náà ń ka. Àwọn tí dókítà ti sọ fún pé wọ́n ní PCOS, ìyẹn ìṣòro họ́mónù tí kì í jẹ́ kí ẹyin máa jáde déédéé, pépà yìí lè máa tàn wọ́n, á máa ní ó ti dé ó ti dé nígbà tí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀.

Àwọn àmì tó kù, màá kàn gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá ni. Àwọn kan, ìsàlẹ̀ ikùn á máa ta wọ́n lápá kan ṣoṣo, fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan. Àwọn kan ọmú á máa dùn wọ́n, àwọn kan á rí ẹ̀jẹ̀ bíńtín. Ọkàn àwọn kan á sì máa fà sọ́dọ̀ ọkọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ò bá rí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, kò túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí tọ́lẹ́ẹ̀tì, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níbí kó lọ máa gbé ìnfẹ́kíṣọ̀n gidi kiri kó ní nọ́ọ̀sì ní ilá ni. Ilá kì í rùn. Kì í yún èèyàn. Kì í jẹ́ kí ìtọ̀ máa ta èèyàn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tó ń rùn bí ẹja, èyí tó dì bíi wàrà tó sì ń yún yín, èyí tó ti di yẹ́lò tàbí gíríìnì, tàbí kí ìsàlẹ̀ ikùn máa dùn yín pẹ̀lú ibà, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fún yín lóògùn. Oògùn tó wà fún èyí tó ń rùn bí ẹja kọ́ ló wà fún èyí tó ń yúnni. Ẹ sì dákun, ẹ̀yin ìyá mi, ọṣẹ tí wọ́n ń kì bọ ibẹ̀, omi iyọ̀, Dettol, álọ́ọ̀mù tí wọ́n ní á jẹ́ kó fún, ẹ fi í sílẹ̀. Ojú ara ń fọ ara ẹ̀. Ìta nìkan ni kẹ́ ẹ fomi fọ̀. Obìnrin míì ń wá ọmọ lójú méjèèjì, ọjọ́ tí omi tí ọmọ nílò wá dé gan-an ló gbé omi iyọ̀ tó ń fọ̀ ọ́ dànù.

(Ẹnì kan béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀dà.)

Ẹ ṣé. Wọ́n máa ń ní tí àtọ̀ bá ń dà jáde lẹ́yìn ìbálòpọ̀, ẹ̀dà ni, kò sì ní jẹ́ kí oyún dúró. Kò sẹ́ni tí kì í dà jáde lára ẹ̀. Àwọn tó lágbára ti wọlé lọ ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, ìyókù omi ló ń dà yẹn. Ẹ má tìtorí ẹ̀ ra àgbo.

(Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́: "Aunty, ti ìbejì ńkọ́?")

Ìbejì tiwa, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹyin méjì ló jáde lóṣù kan náà. Ìdí nìyẹn tí Táyé fi lè jẹ́ ọkùnrin kí Kẹ́hìndé jẹ́ obìnrin. Ìlú Igbó-Ọrà tó wà níbí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí ti ìbejì. Nílẹ̀ Yorùbá, àwọn olùwádìí ti ka bí ìbejì 45 nínú ìbímọ 1,000, ibi púpọ̀ láyé ò sì ju bíi 12 lọ. Àmọ́ omi náà kò ní sọ fún ẹ bóyá ọ̀kan ló ń bọ̀ tàbí méjì. Ẹ má sì lọ máa ra Clomid, oògùn tó ń mú kí ẹyin jáde, fúnra yín torí ìbejì, mo ti rí i. Oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ èèyàn lórí ẹ̀ ni, kódà ó lè jẹ́ kí omi tá à ń sọ yìí gbẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi í sá fún oyún, mo gbọ́ tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn èèyàn ń lò ó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò ní tàn yín. Nínú obìnrin 100 tó bá ń lo irú ọ̀nà wọ̀nyí fún ọdún kan, láti 2 títí dé 23 ló ń lóyún, ó dá lórí ọ̀nà tí wọ́n lò àti bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ tó. Kò sì ní gbà yín lọ́wọ́ àrùn kankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fọ́mọ lọ́mú, ẹyin lè jáde kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé rárá, ẹ má sọ pé mi ò tíì rí nǹkan oṣù.

Ẹni tó ti ń gbìyànjú fún ọdún kan tí kò sí nǹkan kan, ó tó kó lọ rí dókítà. Tó bá ti pé ọdún 35, oṣù mẹ́fà ni kó fi mọ. Kí ọkọ náà sì lọ o! Nǹkan bí ìdajì irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ọwọ́ ti ọkùnrin wà nínú ẹ̀, àyẹ̀wò tiwọn ò sì ní abẹ́rẹ́ nínú, wọ́n á kàn gbé ike kékeré lé wọn lọ́wọ́ ni.

(Màdáámù ààrẹ ní òun ti lé ní ọdún 50, òun ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ báwo làwọn ọmọ òun ṣe máa rántí gbogbo èyí?)

Ìwé tẹ́ ẹ fi ń kọ orúkọ oníbàárà àti gbèsè wọn, ẹ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Lálaalẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kọ déètì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan péré síwájú ẹ̀: ẹ̀jẹ̀, gbígbẹ, sítáàṣì, ìpara, tàbí ilá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá bá ọkọ yín lò pọ̀, ẹ má ka ohun tẹ́ ẹ bá rí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lè jẹ́ ti ọkọ. Oṣù àkọ́kọ́ máa rí wúruwùru, ẹ má dá a lóhùn, ẹ ṣáà máa kọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹni tó bá ti kọ tiẹ̀ kó mú ìwé ẹ̀ wá bá mi, ká jọ kà á. Ẹ bo orúkọ àwọn onígbèsè yín o, mi ò fẹ́ mọ̀ wọ́n.

Ìwọ oníyẹ́lò, lọ fọ ọwọ́ ẹ. Kẹ́nì kan bá mi gbé abọ́ yìí kúrò níwájú màdáámù, wọ́n ti ń wò ó tìrín-tìrín láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.